Kí Ló Máa Rọ́pò Ẹran Nínú Ìkòkò Yín?

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn èèyàn wa sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ẹ̀pẹ́ ní Sátidé tó kọjá. Àwọn tí ò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn, mo wá tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, ibi tí mo ti yà bàrá náà, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ káàsán o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ wọlé wá, àga ṣì wà níwájú níbí.

Mo mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀pẹ́ la wà. Ìlú ọlọ́sà ni, tí ará Èkó bá wa mọ́tò wá síbí láàárọ̀ kùtù, ẹja ló ń bọ̀ wá rà ní Olúwo, ẹja àrọ̀, ẹpìyà, ọ̀bọ̀kún, edé, akàn, gbogbo ohun tó bá ti ń mí nínú omi. Ìyá mi gan-an, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, ẹja ni wọ́n tà fún ohun tó lé ní 40 ọdún, owó ẹja ni wọ́n fi rán mi níwèé, òórùn ẹja yíyan ò kúrò lára yúnífọ́ọ̀mù mi títí mo fi jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Torí náà, tí mo bá dúró síwájú yín lónìí tí mo ní láti 2016 mi ò jẹran, mi ò sì jẹja, ẹ má rò pé mo wá bú oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún màmá mi, a jọ ń jẹun ni, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ẹja tí mo fi tọ́ ẹ dàgbà, òun ló wá di májèlé?"

Mi ò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó tó ọdún méjì kí n tó ní èsì gidi tí mo lè fún wọn, àárín ọdún méjì yẹn ni mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ara mi jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti wá sọ̀rọ̀, torí mo rí i pé àwọn èèyàn ti ń pọ̀ sí i tó ń sọ pé àwọn fẹ́ fi ẹran sílẹ̀ kí ara àwọn lè le, kí agbára sì wà, inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n tí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ máa jẹ, wọ́n á ní "ẹ̀fọ́ ni, àti èso." Ẹ̀fọ́ àti èso ò tó! Ẹ jẹ́ n sọ tèmi fún yín.

Ní 2016, ọmọ ọdún 49 ni mí, tíṣà ni mí nígbà yẹn, mo wúwo tó kìlò 94, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó jẹ́ 168 lórí 102. Dókítà kọ oògùn oríṣi méjì fún mi, mo sì ń lò ó. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ da oògùn ẹ̀ nù o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn kí ẹnì kan má baà gbọ́ mi lódì. Àwa pẹ̀lú tíṣà kan la jọ ń jókòó ní sítáfúrúùmù, ọmọ ìjọ Seventh-day Adventist ni wọ́n, àwọn tó ni Yunifásítì Babcock tó wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ yẹn. Wọ́n fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwé wa bí ọmọdé ni, èmi àbúrò á dúró láàárín kí n kọ́kọ́ mí ná. Mo bi wọ́n, "Àǹtí, kí lẹ ń lò?" Wọ́n ní, "Mi ò lo nǹkan kan, mi ò kàn jẹran ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé relé. "Mi ò jẹran" ni etí mi gbọ́, mi ò bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ń jẹ.

Mo fi ẹran, ẹja, ẹyin, mílíìkì, gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láàárọ̀, búrẹ́dì àti tíì láìsí mílíìkì. Lọ́sàn-án, gàrí àti ẹ̀pà, tàbí dùǹdú. Tó bá dalẹ́, ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ata lásán, ma á tún fi tíì míì lé e. Ọbẹ̀ náà ò dùn mọ́, mo bá ń kún mágì, tẹ́lẹ̀ mágì méjì ni mo máa ń fi sí ìkòkò kan, ó di mẹ́rin, ó di márùn-ún. Ẹ ò rí nǹkan, mo yọ ẹran kúrò nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, mo wá ń fi iyọ̀ dí ojú ibi tí ẹran wà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní àgbàlagbà ò gbọdọ̀ jẹ ju iyọ̀ gíráàmù 5 lọ lójúmọ́, ìyẹn ò ju ṣíbí tíì kan lọ, gbogbo iyọ̀ tó wà nínú búrẹ́dì àti mágì ló sì wà nínú ìṣirò yẹn.

Nígbà tó máa fi di oṣù kẹjọ, tí mo bá kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù tán, mo ní láti jókòó. Àtẹ́lẹwọ́ mi funfun báláú. Tí mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ọkàn mi á máa lù kì-kì-kì. Ẹ̀yin bàbá ẹ má bínú sí mi, nǹkan oṣù mi náà ń wá rẹpẹtẹ lásìkò yẹn, bó ṣe máa ń ṣe fáwọn obìnrin míì tó bá ti kù díẹ̀ kó dúró, èyí tó wọlé ò tó èyí tó ń jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, jẹ́ 27. Ó yẹ kí ti obìnrin tó 36. Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ibi tí mo fi sí ló wà, mo tún fi kìlò mẹ́ta sanra sí i.

Màmá mi gbọ́, wọ́n se ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ wá bá mi nílé, ata ẹ̀ ń ta sánsán. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́. Ohun tí ò jẹ́ kí n jẹ ẹ́ ni dókítà obìnrin kékeré kan tó rí èsì tẹ́ẹ̀sì mi, kò bá mi jà, kò sì ní kí n lọ máa jẹran. Ó fa bébà kan yọ, ó ní, "Mummy, ẹ ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ jẹ láná fún mi." Mo kà á, ó ń kọ ọ́. Nígbà tí mo parí, ó yí bébà náà sọ́dọ̀ mi, ó ki báírò bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n fi àmì sí ibi tí púrótínì wà. Mo wo búrẹ́dì, mo wo gàrí, mo wo ìrẹsì. Ẹ̀pà nìkan ni mo rí fi àmì sí. Ó ní, "Ẹran ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò yín tẹ́lẹ̀. Ẹ ti lé e lọ, ta lẹ wá gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi òní.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹran àti ẹja ń ṣe ni púrótínì, òun la fi ń kọ́ iṣan, òun la fi ń tún ara ṣe. Àgbàlagbà nílò nǹkan bíi gíráàmù 0.8 fún kìlò kọ̀ọ̀kan tó wúwo, ìyẹn ni pé ẹni tó bá jẹ́ kìlò 70 nílò bíi gíráàmù 56 lójúmọ́. Ẹ wò ó, ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ní púrótínì tó tó 23 nínú, ẹ̀gúsí ní bíi 28, sóyà ní bíi 36, ẹran màlúù tútù tó wúwo bákan náà ò ju bíi 20 lọ. Àmọ́ ẹ̀wà máa ń mu omi tó bá jinná, ó máa ń wú, torí náà ṣíbí ẹ̀wà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ìrẹsì ò ṣe nǹkan kan, abọ́ gidi lẹ máa jẹ. Pọ̀nmọ́ tá a sì ń jà lé lórí, awọ ni, púrótínì inú ẹ̀ ò pé, kódà ẹni tó ń jẹran tó jẹ́ pé pọ̀nmọ́ nìkan ló ń jẹ, ó ń tan ara ẹ̀ ni.

Ẹ̀wà nìkan náà ò pé tán, ibì kan wà tó ti kù díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àgbàdo àti ìrẹsì ti ní in, ohun tí àgbàdo ò sì ní ló pọ̀ nínú ẹ̀wà. Ẹ wá wo oúnjẹ àwọn ìyá wa, àkàrà àti ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, àdàlú, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní kẹ́mísírì, wọ́n kàn mọ̀ pé èyí ń bá èyí lọ. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọ̀dọ́ tó ní òun fẹ́ di vegetarian, tó wá ń wá oúnjẹ inú ike olówó ńlá ní Lẹ́kí, nígbà tí gbẹ̀gìrì, èkuru àti ẹ̀wà àgànyìn wà nílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ sọ pé ẹ̀wà ń kún òun nínú, ó ń ṣe òun ní gáàsì. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi tuntun sè é kó rọ̀ dáadáa, ẹ sì fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lọ́sẹ̀ mélòó kan ikùn á mọ́ ọn lára.

Iṣẹ́ kejì ni adùn, àwọn tó ń kọ́ni nípa oúnjẹ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dá èèyàn padà sídìí ẹran. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ló kọ́kọ́ ń gbà á wọlé. Ohun tí mo fi lé mágì jáde nílé mi ni irú. Irú wòòrò fún ẹ̀fọ́, irú pẹ̀tẹ̀ fún ewédú. Èso igi igbá tí wọ́n sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí wọ́n bó, tí wọ́n tún sè, tí wọ́n wá bò mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kó lè wú, ìgbà tó bá wú yẹn ni adùn tó jọ ti ẹran yẹn jáde sínú ẹ̀, púrótínì sì wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú. Tí irú bá wọnú epo pupa tó gbóná, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata tí wọ́n gún, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ẹran dà.

Ìkọ́kọrẹ́ ni mo fi dán an wò. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ wà níbí mọ̀ pé ẹja tàbí edé ló máa ń wà nínú ẹ̀, ìkọ́kọrẹ́ láìsí ẹja dà bí ìsọkúsọ létí wa. Ní 2018, mo rin ewùrà, mo fi olú gbígbẹ dípò ẹja. Olú náà, oòrùn ni mo fi sá a, mo tún gbé e sórí èéfín igi ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé fún wákàtí kan, bí màmá mi ṣe máa ń gbé ẹja sí i. Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, mi ò da omi yẹn nù, òun ni mo fi ro ata. Nígbà tí ata àti epo àti irú ń hó, mo ń fi ọwọ́ já ewùrà sínú ẹ̀ ní gígún-gígún, mo dé e, mi ò rò ó títí ó fi dì. Mo bù ú lọ fún màmá mi. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fi ìka gbá etí abọ́, wọ́n ní, "Edé ibo lo fi sí i?" Mo ní kò sí edé, màmá. Wọ́n ní, "Irọ́ lò ń pa." Wọ́n tún bù.

Ọjọ́ yẹn ni mo wá dá wọn lóhùn. Mo ní, "Màmá, ẹja yín kì í ṣe májèlé o. Iṣẹ́ tó ń ṣe lára mi ni mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí, mo sì ti rí ẹni tó lè bá mi ṣe é." Wọn ò sọ nǹkan kan, àmọ́ láti ìgbà yẹn, tí mo bá lọ sílé wọn, wọ́n á ti ya ẹ̀fọ́ tèmi sọ́tọ̀ kí ẹja tó wọ ìkòkò.

Ẹ jẹ́ n padà sórí ẹ̀jẹ̀. Áyọ́ọ̀nù, èyí tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa, wà nínú ẹ̀wà, ó wà nínú ẹ̀fọ́, àmọ́ ara kì í tètè gba ti inú ewéko bó ṣe ń gba ti inú ẹran. Fítámì C ló máa ń bá a ṣílẹ̀kùn. Torí náà ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ tẹ́ ẹ máa jẹ, ẹ jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ náà gan-an, ẹ má fi di ìrọ̀lẹ́. Tíì àti kọfí sì máa ń tì í pa, bẹ́ẹ̀ tíì ni mo ń fi lé oúnjẹ láàárọ̀ láalẹ́! Dókítà yẹn ní kí n jẹ́ kó tó wákàtí kan sí méjì kí n tó mu tíì, ó fún mi ní táblẹ́ẹ̀tì áyọ́ọ̀nù fún oṣù mẹ́ta, mo ń jẹ ẹ̀wà lójoojúmọ́, mo ń fi ọsàn tì í. Nígbà tó di oṣù kẹrin, PCV mi ti di 36. Mo sunkún ní làbù níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú relé tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù ni B12. Fítámì ni, ohun tí ara nílò nínú ẹ̀ kéré gan-an, máíkírógíráàmù 2.4 lójúmọ́, kò tó kí ojú rí i. Àmọ́ ewéko ò ní in. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ò ní in, ẹ̀wà ò ní in, sóyà ò ní in, ewúro tá a gbà pé ó ń wo gbogbo àìsàn náà ò ní in. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí ló ń ṣe é, wọ́n wà nínú ikùn màlúù, ibẹ̀ ló ti ń wọ ẹran àti mílíìkì. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ẹ̀dọ̀ wa máa ń tọ́jú ẹ̀ pamọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, torí náà èèyàn á fi ẹran sílẹ̀, ọdún kìíní ara á le, ọdún kejì ara á le, á ti máa sọ fún gbogbo ayé pé òun ò nílò nǹkan kan, láìmọ̀ pé ohun tó wà ní àká ló ń jẹ lọ.

Tèmi dé ní 2020. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń ṣe bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ lásán ni mò ń tẹ̀. Ahọ́n mi ń ta mí. Mo ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi, àwọn tí mo ti kọ́ fún ọdún kan gbáko. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Ẹnì kan ní kí n lọ gbààwẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ yẹn ò ṣojú lásán. Tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ló sọ pé B12 ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá lára mi. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó wá di táblẹ́ẹ̀tì tí mò ń lò títí dòní, kò sì wọ́n. Ẹsẹ̀ mi padà bọ̀ sípò, àyàfi ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì méjì tó ṣì máa ń kú tìpìrì. Dókítà ní ká ní mo pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ó lè má padà mọ́. Torí náà ẹni tó bá máa fi ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì sílẹ̀ pátá, ọjọ́ tó bá fi í sílẹ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀ B12, kó má dúró de ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń jẹ ẹyin, tẹ́ ẹ ń mu mílíìkì, ẹ máa rí díẹ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ máa ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣúgà tẹ́ ẹ ti ń lo metformin ọjọ́ pẹ́, ẹ gbọ́ tèmi dáadáa, oògùn yẹn fúnra ẹ̀ lè dín B12 kù lára, kódà bẹ́ ẹ bá ń jẹran, ẹ bi dókítà yín. Aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, tí ẹ ò bá jẹran, ẹ má fi B12 ṣeré rárá, ọmọ inú àti ọmọ ọwọ́ ló máa jìyà ẹ̀.

Ó dáa. Ṣé gbogbo wàhálà yìí wá tó nǹkan? Ó tó o! Àmọ́ mi ò ní puró fún yín. Ní Loma Linda ní California, àwọn Adventist yẹn kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 2002, àwọn èèyàn tó lé ní 96,000 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn láti ìgbà náà, àwọn tí kì í jẹran nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ò fi bẹ́ẹ̀ bá jà. Lóòótọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í mu sìgá, wọn kì í mutí, ìyẹn náà ní tiẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ti Oxford ní Ìlú Ọba tọ èèyàn bíi 48,000 fún ọdún 18, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2019, àrùn ọkàn tó ń wá látinú dídí òpó ẹ̀jẹ̀ fi ìdá 22 nínú 100 kéré lára àwọn tí kì í jẹran kì í jẹja. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ fi ìdá 20 nínú 100 pọ̀ lára wọn. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà ní ó ṣeé ṣe kí àìtó àwọn fítámì bíi B12 wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀yin náà ti wá rí ìdí tí mi ò fi lè pa ẹnu mọ́ lórí B12.

Ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ àti kẹ́míkà tọ́jú, sọ́séèjì, kọ́ọ̀nbíìfù àti irú wọn, ẹ̀ka WHO tó ń rí sí jẹjẹrẹ ti kéde ní 2015 pé ó ń fa jẹjẹrẹ ìfun, gíráàmù 50 lójoojúmọ́ máa ń fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 kún ewu ẹ̀. Ẹni tí ò bá tiẹ̀ lè fi ẹran sílẹ̀, kó fi ìyẹn sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ, ẹ yéé dì í sínú fúláàsìkì wọn lọ sílé ìwé.

Lórí ọ̀rọ̀ agbára, torí òun lọ̀pọ̀ yín bá wá. Fífi ẹran sílẹ̀ fúnra ẹ̀ kì í fúnni lágbára, oṣù mẹ́jọ tèmi ti fi hàn yín. Ohun tó fún mi lágbára ni pé ẹ̀wà kì í tètè dà, ṣúgà inú ẹ̀ ń wọnú ẹ̀jẹ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í ṣe bíi búrẹ́dì tó máa gbé èèyàn sókè láago mẹ́jọ tó máa já a sílẹ̀ láago mẹ́wàá. Mi ò tún kí ń jókòó pẹ́ ní ṣáláńgá mọ́. Dókítà ará Ireland kan wà tó ń jẹ́ Denis Burkitt, ó ṣiṣẹ́ abẹ ní Uganda fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó wò ó pé àwọn ará abúlé tó ń jẹ oúnjẹ tó ní fáíbà, ìyẹn ṣákiti inú ewéko tí kì í dà nínú ikùn, àwọn àìsàn ìfun tó ń pa àwọn èèyàn ẹ̀ nílé ò wọ́pọ̀ láàárín wọn, òun ló wá ń pariwo ẹ̀ fún aráyé ní 1970 sókè. Àwa la wá ń sá kúrò níbẹ̀ lọ sí búrẹ́dì funfun.

Mo ti di kìlò 77 báyìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi máa ń wà ní 130 lórí 80, dókítà ti yọ ọ̀kan kúrò nínú oògùn méjèèjì. Mi ò lè búra pé ẹran tí mo fi sílẹ̀ nìkan ló fà á, torí mo ti dín iyọ̀ kù, mo sì máa ń rìn dé etí ọ̀sà láràárọ̀ kí oòrùn tó yọ.

Ẹ tún ń bi mí nípa Iléyà. Mo ń pa àgbò mi, mo ń pín in fún aládùúgbò àti aláìní, bàbá àwọn ọmọ mi ń jẹ tiẹ̀, kò sí ìjà. Tí mo bá se ọbẹ̀, mo máa ń bu tèmi kí ẹran tó wọ inú ẹ̀, ìkòkò kan náà ni. Òde àríyá ló le jù, torí ẹran la fi ń bu iyì fún èèyàn níbẹ̀. Mo máa ń jẹun yó kí n tó kúrò nílé, tí wọ́n bá gbé ẹran fún mi, mo máa dúpẹ́, ma á gbé e fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tí mo parí, wọ́n bi mí ní ìbéèrè. Bàbá kan ní ṣé agbára ọkùnrin ò ní dín kù. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ló ń ba ìyẹn jẹ́ jù, bàbá, ẹ lọ wọn tiyín ná. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé irin ní jíìmù bèèrè bóun ṣe máa rí púrótínì tó, mo ní kó máa jẹ wàrà sóyà àti ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ìyá kan wá dìde lẹ́yìn, ìró àdìrẹ, báàgì owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, mo ti mọ ohun tí wọ́n ń tà kí wọ́n tó la ẹnu. Wọ́n ní, "Tí gbogbo wa bá gbọ́ tìẹ, ta ló máa ra ẹja mi?" Gbogbo ilé dákẹ́. Ó dà bí ìgbà tí màmá mi dìde. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, nínú ìwádìí Oxford yẹn kan náà, àwọn tó fi ẹran sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń jẹ ẹja, àrùn ọkàn fi ìdá 13 nínú 100 kéré lára tiwọn náà, wọn ò sì rí ẹ̀rí tó dájú pé rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i lára wọn. Ẹni tí ò bá lè ṣe gbogbo wàhálà tí mo kà sílẹ̀ yìí, kó fi ẹran màlúù sílẹ̀, kó wá ra ẹja lọ́wọ́ yín. Èmi náà ṣì ń ra ẹja fún bàbá àwọn ọmọ." Wọ́n ní ṣé òótọ́ ni, mo ní òótọ́ ni. Wọ́n jókòó. Kò pẹ́, wọ́n tún dìde, wọ́n ní wàrà sóyà tí mo dárúkọ yẹn, ṣé òun náà ṣeé tà lọ́jà?

Mo ní ó ṣeé tà. Omi kíkan orí ògì la fi ń mú un dì. Sátidé tó ń bọ̀, láago mẹ́wàá, a máa ṣe é pọ̀ ní ẹ̀yìn ilé mi, kí olúkúlùkù rẹ sóyà tiẹ̀ sómi láti alẹ́ Fúráídè, kó sì mú asẹ́ aláṣọ dání.